Ta Ni Ó Ń Tẹ Ìwé Tí Odigbo Fi Ń Dìbò?

Nínú gbogbo iṣẹ́ àgbàṣe tí a ń fi owó ìlú san, bóyá ni ọ̀kan wà tí ó kan ẹ̀tọ́ aráàlú tó iṣẹ́ títẹ ìwé ìdìbò àti kíkó ìwé náà dé ibi tí a ti fẹ́ lò ó, síbẹ̀ òun ni aráàlú ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ kéré jù. Bí ìjọba bá fẹ́ tún títì tí ó wọ Agbabu ṣe, ojú gbogbo ènìyàn ni katakata yóò ti ṣiṣẹ́, pátákó tí a kọ orúkọ agbaṣẹ́ṣe sí yóò sì wà ní ẹ̀bá ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ni a ń kọ́, ẹni tí ó ń kọjá lọ lè ka iye yàrá rẹ̀. Ìwé ìdìbò kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni olùdìbò ń fojú kàn án, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ó fi tẹ ìka sí i tí ó sì sọ ọ́ sínú àpótí, láìmọ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde, iye ewé tí a tẹ̀, iye owó tí a ná sí i, tàbí ọ̀nà tí ó gbà dé iwájú rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yé ènìyàn ni pé káńsù Odigbo, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ore, kọ́ ni ó ń ra ohun èlò ìbò tí a fi ń yan alága rẹ̀ àti àwọn káńsẹ́lọ̀ rẹ̀. Abala keje nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn tí ìlú dìbò yàn ni kí ó máa ṣàkóso ìjọba ìbílẹ̀, abala 197 sì ni ó dá àjọ tí yóò máa ṣètò ìbò náà sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ti Ondo ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ODIEC, èyí tí gómìnà ń yan àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀ tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ sì ń fọwọ́ sí wọn. INEC, àjọ elétò ìdìbò ti orílẹ̀-èdè, kò ní ju ìwé orúkọ àwọn olùdìbò lọ láti fún ODIEC. Ìyókù, láti orí yíǹkì tí a ń tọ́ sí èékánná títí dé orí ìwé tí a ń kọ èsì sí, ọwọ́ àjọ ìpínlẹ̀ àti àpò ìpínlẹ̀ ni ó wà. Nítorí náà, bí ará Agbabu kan bá fẹ́ mọ ilé ìtẹ̀wé tí ó tẹ ìwé tí òun fi dìbò, tí ó sì wọkọ̀ lọ sí Ore láti béèrè, Akurẹ ni Ore yóò tọ́ka sí. Bí ó bá sì dé Akurẹ, kò sí ojú pátákó tí ìdáhùn náà gbọ́dọ̀ wà ní ìkọ̀sílẹ̀ fún un. Ìjọba tí ó sún mọ́ ọn jù ni a fẹ́ fi ìbò yẹn gbé kalẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìnáwó ìbò náà ni ó jìnnà sí i jù.

Ohun èlò ìbò pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kan ni àwọn ohun tí a lè rà lọ́jà láìsí ìbẹ̀rù: àpótí, yíǹkì, òǹtẹ̀, aṣọ òṣìṣẹ́, àtùpà, okùn àti bébà lásán. Ọ̀nà kejì ni àwọn tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ bí ẹní ṣọ́ owó, ìyẹn ìwé ìdìbò fúnra rẹ̀ àti ìwé èsì, nítorí pé ẹni tí ó bá ní àfikún ìwé wọ̀nyí lọ́wọ́ ti ní àfikún ìbò lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹ̀ wọ́n sórí bébà tí ó ní àmì àdámọ̀, tí a ń to nọ́ńbà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láìfo ọ̀kan, tí a ń dì wọ́n pọ̀ bí ìwé rìsíìtì, tí àwọ̀ ti alága sì ń yàtọ̀ sí ti káńsẹ́lọ̀. Òfin Ìdìbò ọdún 2022, tí ìbò káńsù ọdún 2025 wáyé lábẹ́ rẹ̀, kò fi èyí ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú: dídì, nọ́ńbà àti àwọ̀ jẹ́ dandan, òfin náà sì sọ ní abala 150 pé ìlànà kan náà ni kí àjọ ìpínlẹ̀ tẹ̀lé bí ó bá ń ṣe ìbò ìjọba ìbílẹ̀.

Iye rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Orúkọ 2,053,061 ni ó wà nínú ìwé àwọn olùdìbò nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ondo yan gómìnà ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ibùdó ìdìbò sì jẹ́ 3,933, nínú wọ́ọ̀dù 203 àti ìjọba ìbílẹ̀ 18. Ìbò káńsù tẹ̀lé e ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2025. Bí a bá tẹ ewé kan fún olùdìbò kọ̀ọ̀kan fún ipò alága, tí a sì tẹ òmíràn fún ipò káńsẹ́lọ̀, ewé 4,106,122 ni ìpínlẹ̀ náà nílò, kí a tó ka ìwé èsì ibùdó, ti wọ́ọ̀dù àti ti ìjọba ìbílẹ̀ mọ́ ọn. Àmì ẹgbẹ́ òṣèlú ni ó sì ń wà lórí ìwé ìdìbò ilẹ̀ wa, kì í ṣe orúkọ olùdíje, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìwé káńsẹ́lọ̀ tí a tẹ̀ fún Agbabu àti èyí tí a tẹ̀ fún Ajue jọra bí ìbejì lójú ẹni tí kò bá wo nọ́ńbà ara wọn. Nọ́ńbà yẹn nìkan ni ó lè sọ pé ìdì kan ṣìnà tàbí pé a mọ̀ọ́mọ̀ mú un ṣìnà.

Orílẹ̀-èdè yìí ti rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí nọ́ńbà kò bá sí. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2007, ọjọ́ márùn-ún péré ṣáájú ìbò ààrẹ, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dájọ́ pé INEC kò ní agbára láti yọ Atiku Abubakar kúrò nínú ìdíje, bẹ́ẹ̀ sì ni àjọ náà kò tíì fi orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sí inú ìwé tí ó ti wà nílẹ̀. Wọ́n sáré tẹ òmíràn ní orílẹ̀-èdè South Africa, ó lé ní mílíọ̀nù 60, wọ́n sì kó o wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìbò, láìsí nọ́ńbà lórí ewé, láìdì í pọ̀, bẹ́ẹ̀ òfin ọdún 2006 ti pàṣẹ méjèèjì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ, àwọn adájọ́ pín sí méjì ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 2008: mẹ́rin gbà pé ìbò náà dúró, mẹ́ta kọ̀ jálẹ̀. Adájọ́ kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ipò ààrẹ àti ìwé tí a kò fi nọ́ńbà sí. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìbò ọdún 2007 náà, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 2011, àwọn olùdìbò ti tò síta fún ìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n Attahiru Jega, tí ó jẹ́ alága INEC nígbà náà, jáde láti sọ pé ìwé èsì kò tíì dé láti òkè òkun; àwọn tí wọ́n gba iṣẹ́ náà ní àjálù tí ó ṣẹlẹ̀ ní Japan ni ó dá ọkọ̀ òfurufú dúró. Ìbò náà di ọjọ́ kẹsàn-án. Bébà ni kò dé. Gbogbo ọmọ ogun, ọlọ́pàá, àgùnbánirọ̀ àti mílíọ̀nù àwọn ènìyàn tí wọ́n ti jí láàárọ̀ kò lè rọ́pò bébà náà.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan fa yọ nínú irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé kí a fi iṣẹ́ títẹ ìwé pamọ́ sí i, kí a sì tètè fún ẹni tí a bá mọ̀. Ẹ̀kọ́ tí kò tọ́ ni. Ohun tí ó ba nǹkan jẹ́ ní 2007 àti ní 2011 ni ìkánjú, ìkánjú sì ni ó máa ń sọ ìdíje di ohun tí a ń fò dá. Láti ní òye èyí, ó yẹ kí a mọ bí òfin ṣe là á kalẹ̀ pé kí ìjọba máa ra nǹkan. Òfin ìrajà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2007, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wò kí wọ́n tó ṣe tiwọn, Ondo sì wà lára wọn, sọ pé ìdíje gbangba ni ìpìlẹ̀: kí iléeṣẹ́ ìjọba kọ́kọ́ ní ètò àti owó nínú ìsúná, kí ó polówó iṣẹ́ náà nínú ìwé ìròyìn méjì ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ọjọ́ gbígba ìwé ìdíyelé tó pé, kí a ṣí àwọn ìwé náà lójú gbogbo àwọn tí wọ́n ń díje, kí a sì fún ẹni tí iye rẹ̀ kéré jù nínú àwọn tí wọ́n kúnjú òṣùwọ̀n. Òfin náà fi àyè sílẹ̀ fún pàjáwìrì, nígbà tí a lè fún ẹnìkan níṣẹ́ láìsí ìdíje. Ilẹ̀kùn kékeré ni ilẹ̀kùn pàjáwìrì yìí yẹ kí ó jẹ́. Bí ìbò bá ń já lu ìpínlẹ̀ lójijì nígbà gbogbo, ó ti di ẹnu ọ̀nà àbáwọlé nìyẹn.

Ní Ondo, ìbò káńsù kì í ní ọjọ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Ìgbà mẹ́ta tí ó wáyé kẹ́yìn ni ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2016, ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 2020 àti ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2025, àlàfo tí ó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì sì ju ọdún mẹ́rin lọ nígbà méjèèjì. Ilé ìtẹ̀wé tí ó bá fẹ́ díje fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè mọ ọdún tí yóò pa owó bébà mọ́ dè é, kò lè gba òṣìṣẹ́ sílẹ̀, kò sì lè ra ẹ̀rọ tí ń to nọ́ńbà nítorí iṣẹ́ tí ó lè dé lọ́dún yìí tàbí lọ́dún márùn-ún òní. Àwọn tí wọ́n lè dúró de irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì sábà máa ń jẹ́ àwọn tí wọ́n ní ẹni tí yóò ta wọ́n lólobó. Ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ṣe ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ káńsù tí ìlú yàn, mú kí àwọn ìpínlẹ̀ sáré ṣe ìbò ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Eré náà dára fún ìjọba tiwa-n-tiwa, kò sì dára fún ìwé iṣẹ́ àgbàṣe. Rivers ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá ọdún náà, ilé ẹjọ́ kan náà sì fagi lé e ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2025 nítorí pé a kò tẹ̀lé Òfin Ìdìbò. Gbogbo ìwé tí a tẹ̀ fún un di ìwé ìnunú, owó tí a san fún un kò sì padà.

Àwáwí tí ó máa ń dìde bí a bá béèrè ìwé iṣẹ́ wọ̀nyí ni ààbò: pé bí a bá sọ ẹni tí ó ń tẹ ìwé ìdìbò, àwọn olè yóò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òfìfo, ṣùgbọ́n àṣírí méjì ni ó dà pọ̀ mọ́ra wọn. Àṣírí kan wà tí ó ń dáàbò bo ìwé ìdìbò: àmì tí ó wà nínú bébà, irú yíǹkì tí ìmọ́lẹ̀ nìkan lè fi hàn, ọjọ́ àti wákàtí tí ọkọ̀ yóò gbéra. Kí àwọn wọ̀nyẹn wà ní ìpamọ́. Àṣírí kejì ń dáàbò bo owó: iye tí a san lórí ewé kan, iye ewé tí a sanwó fún, orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó gba owó náà àti orúkọ àwọn tí wọ́n bá a díje. Kò sí olè kan tí yóò fi mímọ̀ pé ewé kan jẹ́ náírà báyìí tẹ ayédèrú ìwé ìdìbò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn káńsù gbọ́dọ̀ máa tẹ gbogbo ìnáwó wọn tí ó bá ju £500 lọ jáde fún aráàlú, ayédèrú ìwé kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ kún ìgboro. Ní Ghana, tí kò jìnnà sí wa, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú máa ń wà nínú ilé ìtẹ̀wé fúnra wọn nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀, wọ́n sì ń wo bí a ṣe ń ba àwọn ewé tí kò dára jẹ́. Ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ nígbà tí a ń tẹ̀ ẹ́ kì í ní ìdí púpọ̀ láti pariwo lẹ́yìn tí a bá ti kà á.

Ìwé tí a tẹ̀ dáadáa tí kò bá dé ibi tí ó ń lọ kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò tẹ̀. Nàìjíríà kò fàyè gba fífi ìbò ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, àmọ́ ní àwọn ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé ní òkè òkun, iṣẹ́ títẹ̀ àti iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ti di iṣẹ́ àgbàṣe kan náà, nítorí pé olùdìbò lè gba ìwé ìdìbò rẹ̀ nílé, kí ó sàmì sí i, kí ó sì fi ránṣẹ́ padà. Ilé ìtẹ̀wé ni ó ń tẹ̀, tí ó ń ká a sínú àpòòwé, tí ó sì ń gbé e fún ilé ìfìwéránṣẹ́. Níbi tí ọwọ́ ti pọ̀ báyìí ni àṣìṣe ti ń bọ́ sí i. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ilé ìtẹ̀wé kan tí ó gba iṣẹ́ náà fún Brooklyn ní New York fi orúkọ ẹlòmíràn sára àpòòwé ìdápadà fún àwọn olùdìbò, wọ́n sì ní láti tẹ òmíràn ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn tí wọ́n tó bí 100,000. Nígbà ìbò gbogboogbò Britain ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 2024, ọjọ́ keje oṣù kẹfà ni ìforúkọsílẹ̀ àwọn olùdíje parí, orúkọ wọn ni ó sì ń wà lórí ìwé ìdìbò níbẹ̀, nítorí náà kò sí ilé ìtẹ̀wé tí ó lè bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Káńsù Uttlesford, ní ẹkùn ìdìbò tí Kemi Badenoch, tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ti ń díje, jẹ́wọ́ pé ìwé ìdìbò tí ó tó 2,600 ni kò jáde ní àkókò tí ó yẹ kí a fi wọ́n ránṣẹ́. Ohun tí ó yẹ kí a fi ojú sí nínú ìtàn yẹn ni pé káńsù náà sọ iye, ó sọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì kí ọjọ́ ìbò tó pé. Ó rí i sọ nítorí pé ó ní àkọsílẹ̀ ohun tí ó jáde àti ohun tí kò jáde.

Ọ̀nà tí ìwé ìdìbò ń gbà dé Agbabu le ju ti Uttlesford lọ. Ore jẹ́ ìkóríta ńlá lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Benin, ohun tí ó bá sì ti Akurẹ wá lè dé ibẹ̀ láìpẹ́ bí ọ̀nà bá dára. Láti Ore ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Agbabu wà ní etí odò Olúwa, nínú igbó tí àwọn òyìnbó ti ń wá ọ̀dà bítúmẹ́ẹ̀nì kiri láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé. Gbogbo ayé ni ó mọ orúkọ ìlú náà nítorí ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, bí òjò bá sì rọ̀, àwọn tí wọ́n ń gbé orí ilẹ̀ náà ni wọ́n ń bá ẹrẹ̀ jìjàkadì. Àwọn abúlé olóko kòkó, ọ̀pẹ àti rọ́bà tí ó wà káàkiri Odigbo kò ní ju ọ̀nà ọ̀kadà lọ nígbà mìíràn. Iṣẹ́ kíkó ìwé dé irú ibi bẹ́ẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí ó ní iye tirẹ̀ àti ewu tirẹ̀, tí kò sì yẹ kí a kàn kì mọ́ abẹ́ àkọlé “ètò ìrìnnà” nínú ìwé ìnáwó, láìsọ iye ọkọ̀, iye ìrìn, tàbí ẹni tí ó ni ọkọ̀. INEC ti ń bá ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ èrò, NURTW, ṣe àdéhùn tí a kọ sílẹ̀ lórí èyí. Ó sì jẹ́ àṣà rẹ̀ ní Ondo láti kó ìwé ìdìbò sí báńkì àpapọ̀ CBN ní Akurẹ, kí ó sì pe àwọn aṣojú ẹgbẹ́, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn oníròyìn wá wo bí a ṣe ń kó o jáde sí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìbò káńsù kò gbọdọ̀ rí kéré sí èyí. Ìbò tí ó kan ọmọ Agbabu jù ni, nítorí ẹni tí yóò tún afárá kékeré ṣe, tí yóò sì gbẹ́ kànga, ni a ń yàn.

Iná pẹ̀lú wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, oṣù kan gééré kí Ondo tó yan gómìnà, iná sun ọ́fíìsì INEC ní Akurẹ, ẹ̀rọ tí a fi ń ka káàdì olùdìbò tí ó lé ní 5,000 sì jóná. Àjọ náà rí ẹ̀rọ kó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, ìbò náà sì wáyé ní ọjọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ṣeé yá. Ìwé ìdìbò tí a tẹ̀ fún ìpínlẹ̀ kan kò ṣeé yá. Ìdí mìíràn nìyí tí àdéhùn pẹ̀lú ilé ìtẹ̀wé fi gbọ́dọ̀ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ìwé bá jóná tàbí tí ilé ẹjọ́ bá fi ẹgbẹ́ kan kún un lọ́jọ́ tí ó kù sí dẹ̀dẹ̀, kí a má baà máa bá agbaṣẹ́ṣe dúnàádúrà ní òru.

Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń béèrè lọ́wọ́ ODIEC kò nílò òfin tuntun. Kí àjọ náà kéde ọjọ́ ìbò tí ó ń bọ̀ ní kùtùkùtù, kí ètò ìrajà rẹ̀ sì jáde pẹ̀lú ìkéde náà. Kí ó polówó iṣẹ́ títẹ̀ àti iṣẹ́ kíkó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí àwọn ilé ìtẹ̀wé tí ó wà ní Akurẹ àti ní Èkó lè díje fún ohun tí agbára wọn ká, nítorí pé ilé ìtẹ̀wé tí kò lè tẹ ìwé olóǹtẹ̀ lè tẹ ìwé ìléwọ́ tí a fi ń kọ́ olùdìbò, ẹni tí kò sì ní ilé ìtẹ̀wé lè ní ọkọ̀ tí ó lè la ẹrẹ̀. Kí ó gba aṣojú gbogbo ẹgbẹ́ tí ó ń díje sínú ilé ìtẹ̀wé. Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Akurẹ, tí ó ń fọwọ́ sí ìsúná àjọ náà, béèrè ìwé ìdíyelé kí ó tó fọwọ́ sí ti ọdún tí ó ń bọ̀. Káńsù Odigbo pàápàá, bí kò tilẹ̀ ní àṣẹ lórí iṣẹ́ náà, ní ògiri tí a lè lẹ ìwé mọ́, ó sì yẹ kí ó béèrè pé kí a fún òun ní àkọsílẹ̀ ìdì ìwé tí a yà sọ́tọ̀ fún wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí ó sì gbé e síta ní Ore.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìbò, olórí òṣìṣẹ́ ibùdó ìdìbò máa ń ṣí àpótí, a sì máa dojú rẹ̀ dé kí gbogbo ènìyàn lè rí i pé kò sí nǹkankan nínú rẹ̀. Kí ó gbé ìdì ìwé náà sókè pẹ̀lú, kí ó ka nọ́ńbà ewé àkọ́kọ́ àti ti ewé ìkẹyìn sétígbọ̀ọ́ àwọn tí wọ́n tò síbẹ̀, kí ará Agbabu tí ó bá ti ya fọ́tò ìwé tí ó wà lára ògiri ní Ore sínú fóònù rẹ̀ lè fi èkíní wé èkejì kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìka.